Ẹ̀gúsí Ọjọ́ Orò

Ọmọ mi ló fi orúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀ fún ìrìn náà kó tó sọ fún mi. Ó ní ká bá ẹgbẹ́ kan fi ẹsẹ̀ rìn láti Abẹ́òkúta dé àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, ká máa sùn sínú àgọ́ lójú ọ̀nà, ká sì padà wálé lọ́jọ́ kẹta. Mo ní kí ni mọ́tò ṣe. Ó ní mọ́tò ò ṣe nǹkan kan, pé inú mọ́tò ni mo ti máa ń sùn tí òun bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà mọ ohun tó fẹ́ bá mi sọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló fẹ́ lọ sí Kánádà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń dúró dè é níbẹ̀, gbogbo ẹbí ló sì ti wúre fún un tán àfi èmi.

Nínú ilé wa ní Ìgbẹ̀ìn, kò sẹ́ni tó ń rin ìrìn àjò tó jìn láìgba ìwúre lẹ́nu ìyá rẹ̀. Bàbá ìyá mi ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, síbẹ̀ kì í wọ ọkọ̀ Èkó títí ìyá rẹ̀ yóò fi gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó lè di ẹrù, ṣùgbọ́n kò ní lọ bí mi ò bá gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo wá rí i pé ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ mi nìyẹn, mo sì ká ọwọ́ mi mọ́ra. Òun nìkan ni mo bí. Bàbá rẹ̀ ti lọ síbi tá a kì í lọ ká bọ̀. Bí òun náà bá lọ, èmi àti tẹlifíṣọ̀n ló kù. Mi ò sọ pé kó má lọ o. Mi ò kàn wí nǹkan kan, ẹni tó bá sì mọ̀ mí mọ̀ pé ìgbà tí mi ò bá wí nǹkan kan gan-an ni ìjà mi ń le jù. Mo gbà láti bá a rìn nítorí mo rò pé bó bá rẹ̀ ẹ́ dáadáa, á gbàgbé ọ̀nà jíjìn.

Ṣàpọ́n la ti pàdé ní ìdájí, nígbà tí àwọn tó ń ta búrẹ́dì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ẹrù wọn. A ò pọ̀. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ ni, àti àwa obìnrin mẹ́ta: èmi, ọmọ mi, àti ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olórí wa jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa kan náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́, tó ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a ṣì wà ní kíláàsì rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún wa nípa ejò, nípa omi tá a máa mu, nípa bàtà tó lè bó wa lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ejò yẹn, ó tún un sọ títí ó fi sú mi. Mo fẹ́ ká rántí ìyẹn, pé ọkùnrin náà mọ bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀.

A rìn gbogbo ọjọ́ yẹn. Ọmọ mi ń lọ níwájú, àpò lẹ́yìn, ó ń bá àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, kò sì jọ ẹni tí yóò rẹ̀ láéláé. Èmi ló rẹ̀. Wọ́n ní eré ìdárayá ni, ẹsẹ̀ mi ní ìyà ni. Ìrọ̀lẹ́ la wọ abúlé tá a ti máa sùn, ilé bíi mélòó kan láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ, àpáta ńlá kan lẹ́yìn wọn, odò kékeré kan lẹ́yìn àpáta. Olórí wa kó àwọn ọkùnrin lẹ́yìn lọ kí baálẹ̀, ó ní kí àwa obìnrin máa pa àgọ́. Wọ́n pẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n dé, mo rí i pé ojú ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo rò pé wọ́n ti mu ẹmu láìrántí wa, mo sì sọ ọ́ sókè kí wọ́n lè gbọ́. Olórí wa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní a ó tètè gbéra láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ. Mo ní kí la ń sáré lé. Ó ní ọ̀nà jìn.

Òjò rọ̀ lóru, kò sì ṣe é tètè gbéra mọ́. Gbogbo ẹrù ló tutù, àwọn ọkùnrin ń fún aṣọ, wọ́n ń gbọn àgọ́. Inú tiwa ni ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní tó ti tutù.

"Mọ́mì, ẹ ò tíì wúre fún mi."

Mo ń wá ìbọ̀sẹ̀ mi kan. Mo ní, "Ẹni tó ní kó o máa lọ ni kó wúre fún ẹ."

Mo mọ̀ pé yóò dùn ún, ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn. Ó mú korobá, ọṣẹ àti kànrìnkàn, ó ní òun ń lọ wẹ̀ lódò. Mo gbọ́ ìró sílípáàsì rẹ̀ lójú ọ̀nà títí kò fi dún mọ́. Mo rí ìbọ̀sẹ̀ mi, mo wọ̀ ọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni olórí wa sáré dé ẹnu àgọ́ láìwọ bàtà, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kan wà lókè, ìkejì wà nílẹ̀. Ó bẹ̀ wá pé ká fi ẹrù sílẹ̀, ká wọ ilé tó wà lẹ́bàá wa, kíá. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ ọmọ Ìjẹmọ̀, ti mọ̀ ṣáájú mi. Ó ti ká ìró rẹ̀ sókè, ó ti ń sáré. Ìgbà náà ló yé mi. Orò fẹ́ jáde. Baálẹ̀ ti sọ fún wọn lálẹ́ àná pé bí oòrùn bá ti yọ, kí obìnrin kankan má ṣe sí níta. Gbogbo wọn ló mọ̀, gbogbo wọn ló sì sùn lé ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbèrò pé àwọn á ti kó wa kúrò ní abúlé kí àkókò tó tó, láìjẹ́ pé a mọ ohun tá a ń sá fún.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. A kì í sọ ọ́ létí obìnrin."

Ọkùnrin yìí máa ń ka Bíbélì sí etígbọ̀ọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá ni, ohun tí bàbá rẹ̀ sì kọ́ ọ pé wọn kì í sọ létí obìnrin ti jókòó sí i lára kí ìwé tó dé. Ó lè kìlọ̀ ejò fún mi ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó ju ejò lọ ni kò lè la ẹnu sọ. Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ìbínú.

"Ọmọ mi wà lódò," ni mo wí.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sáré lọ bá baálẹ̀, mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé tó wà lẹ́bàá wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀ òjò. Baálẹ̀ ń mi orí. Nígbà tó padà dé, ó ní ọ̀nà odò gan-an ni Orò máa gbà bọ̀, kò sí ẹni tó ń dá a padà, àwọn ọkùnrin inú wa pàápàá, nítorí pé àlejò ni wọ́n, wọ́n ti ní kí wọ́n jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀, kí wọ́n má rìn. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìró náà fi dún láti ẹ̀yìn àpáta. Ọwọ́ kan fà mí wọlé, ìlẹ̀kùn sì padé.

Mi ò ní sọ bí ìró náà ṣe rí. Obìnrin ni mí.

Ní ìgboro, ọjọ́ Orò kò rí báyìí. Wọ́n á ti kéde rẹ̀, àwa á ti ra búrẹ́dì àti ẹyin sílẹ̀, a ó ti fèrèsé, a ó sì fi ọjọ́ náà sùn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ pé bí obìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e lọ. Mo máa ń sọ fún ọmọ mi pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni, pé Jésù ti dá wa sílẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó sórí àga tìmùtìmù nílé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì wà ní yàrá kejì, ó rọrùn láti wí bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá yẹn, mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Yàrá náà kéré, ó sì ṣókùnkùn. Fèrèsé onípákó kan ló ní, wọ́n ti tì í. Àpò gàrí wà lára ògiri, òórùn rẹ̀ kan, ooru sì ti mú ká tó jókòó. Ìyá tó ni ilé, arúgbó tó lè ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, jókòó sórí àpótí. Òun ló fà mí wọlé. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń fún ọmọ lọ́yàn ní igun kan. Korobá kan wà ní igun kejì fún ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó. Igbá ẹ̀gúsí ńlá kan wà láàárín ilẹ̀, ẹ̀gúsí tí wọn kò tíì bó. Ìyá náà ti igbá kékeré kan sí iwájú mi, ó ní kí n máa bó o. Ó ní àwọn kì í bó ẹ̀gúsí lọ́jọ́ mìíràn, ọjọ́ yìí ni àwọn máa ń tọ́jú rẹ̀ dè, torí pé kò síbi tí èèyàn fẹ́ lọ, kò sì yẹ kí ọwọ́ dilẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ọmọ mi wà níta."

Ó ní òun ti gbọ́. Ó tún ti igbá náà sún mọ́ mi.

Mo bó ẹ̀gúsí. Ọlọ́run ló mọ iye tí mo fi ìbínú tẹ̀ fọ́. Ọ̀rẹ́ mi ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, ó di ọwọ́ mi òsì mú, mo sì gbà á kúrò nítorí mo fẹ́ fetí sílẹ̀. Mo ń gbìyànjú láti gbọ́ igbe. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, mo rò pé ó ti ṣẹlẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ẹyẹ, mo rò pé òun ni. Ìró náà á jìnnà, màá mí. Á tún sún mọ́ tòsí, á gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ìyàwó ilé á sì fi ọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ létí. Mo wo fóònù mi. Nẹ́tíwọ̀kì kankan ò sí. Fóònù tirẹ̀ gan-an ṣì wà lórí ẹní nínú àgọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo ń pè é.

Nígbà tí ó kọjá agbára mi, mo dìde. Igi kan ni wọ́n fi dábùú ìlẹ̀kùn. Mo lọ, mo gbá a mú. Mo rò pé wọ́n á dìde di mí mú, mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀ kí n lè rí ẹni bá jà. Kò sẹ́ni tó mira.

Ìyá náà ní, "Inú la ti ń ti ìlẹ̀kùn yẹn, ọmọ mi. Kò sí ọkùnrin tó tì wá mọ́lé. Bó o bá fẹ́ jáde, gbé igi kúrò. Kí ni wàá ṣe lóde?"

Mo ní màá pe ọmọ mi.

"Bó o bá pè é, kí ni òun á ṣe?"

"Á dá mi lóhùn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ibi tó sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò ti dìde dá ẹ lóhùn." Ó fẹ́ èèpo kúrò nínú igbá rẹ̀. "Bí ọmọ bá gbọ́n, ó ti wọlẹ̀ báyìí. Ìwọ nìkan ló lè pè é jáde."

Ọwọ́ mi ṣì wà lára igi náà. Ohun tí ìyá yìí kò mọ̀ ni pé ó ti sọ̀rọ̀ kan ohun kan láàárín èmi àti ọmọ mi. Nígbà tó wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó lè rí i bí wọ́n bá ń ṣe bojúbojú. Gbogbo ọmọ àdúgbò á wá a títí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Á wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tàbí nínú agbada ńlá lẹ́yìnkùlé, kò ní mí. Èmi nìkan ló lè mú un jáde. Màá dúró sí àárín àgbàlá, màá ké pé, "Wá jẹun o." Kò sí oúnjẹ kankan lórí iná. Á sì jáde. Á mọ̀ pé irọ́ ni, torí mo ti fi tàn án jẹ rí àìmọye ìgbà, síbẹ̀ á jáde, á máa rẹ́rìn-ín. A ṣe eré yẹn títí ó fi dàgbà, a kò sì fìgbà kan bi ara wa léèrè ẹni tí wọ́n ní ó ń bọ̀ nínú orin rẹ̀, tí àwọn ọmọdé fi ń fara pamọ́.

Mo fi igi náà sílẹ̀. Mi ò ṣe ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, bí mo ti sin ọkọ tó yìí. Mo padà jókòó, mo di ẹnu mi, mo sì bó ẹ̀gúsí. Nígbà tí ẹkún bá fẹ́ jáde, màá kó ẹ̀gúsí púpọ̀ sọ́wọ́. Kò sí ohun tí mo fẹ́ ju kí n ké orúkọ rẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó lè pa á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn gba ihò páànù wọlé, ó rìn lórí àpò gàrí títí ó fi dé ẹsẹ̀ mi. Ohun tí mo ń gbọ́ létí ara mi ni ọ̀rọ̀ àárọ̀, pé ẹni tó ní kó máa lọ ni kó wúre fún un. Ó ti lọ. Kò sẹ́ni tó wúre fún un. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sójú mi wò nínú òkùnkùn yẹn, mo rí i pé èèpo ẹ̀gúsí ló kún wọn.

Ọ̀sán ti ń rọlẹ̀ kí ìró náà tó jìnnà, tó sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó yára. Ìyá náà bó èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó tún fetí sílẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan ké láti ìta pé ọ̀nà ti là. Ìyá fúnra rẹ̀ ló gbé igi kúrò lẹ́nu ìlẹ̀kùn.

Olórí wa wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrọ̀fọ̀ àárọ̀ ti gbẹ mọ́ aṣọ rẹ̀ láyà. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo sáré, èmi tí ẹsẹ̀ ń dùn lánàá, mo gba inú oko ẹ̀gẹ́, mo yí àpáta ká, mo dé odò.

Kò sí níbẹ̀. Korobá rẹ̀ wà lórí òkúta kan létí omi, wọ́n dojú rẹ̀ dé, ọṣẹ àti kànrìnkàn wà lórí rẹ̀, wọ́n tò wọ́n dáadáa. Ọmọ mi kì í to nǹkan. Ẹni tó kọjá níbẹ̀ ti rí korobá obìnrin lójú ọ̀nà, ó ti mọ̀ pé obìnrin wà nítòsí, ó gbé e kúrò, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Èyí tí mo rò lẹ́yìn náà nìyẹn. Lójú ẹsẹ̀, ohun tí mo rò ni pé báyìí ni wọ́n ṣe ń to ẹrù òkú.

Mo fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, pé bóyá wọn ò tíì lọ tán, pé bóyá màá pè, ẹnikẹ́ni ò sì ní dáhùn. Mo dúró títí. Nígbà tí mo la ẹnu, orúkọ kọ́ ló jáde.

"Wá jẹun o."

Omi ń ṣàn. Kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ewé mì lábẹ́ àpáta, níbi tí mi ò ní fojú wò bí mo bá kọjá nígbà ogún, ọmọ mi sì rá jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ó di àpáta mú kó tó lè nàró. Erùpẹ̀ wà ní iwájú orí rẹ̀, níbi tó ti gbé orí lé àpáta. Ó ń ṣẹ́jú bí ọmọ tuntun.

Ó ní, "Irọ́ ni, Mọ́mì. Kò sí oúnjẹ kankan."

Mo ní kò sí. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun gbọ́ ìró náà, òun ju korobá sílẹ̀, òun há ara òun sínú ihò àpáta náà, òun kọjú sí òkúta, òun sì bojú. Ó gbọ́ nígbà tí wọ́n kọjá. Kò ṣíjú. Ó ní láti àárọ̀ ni òun ti ń retí pé kí n pe òun, pé bí mo bá pè, òun ì bá jáde.

"Mo mọ̀," ni mo wí.

Kò kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti kú ni kò gbé e dúró mọ́, mo sì gbá orí rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì. Èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ ọn nírun. Mo ní yóò lọ ire, yóò bọ̀ ire. Mo ní ilẹ̀ tó bá tẹ̀, ilẹ̀ náà á gbà á. Mo ní ibi tó bá fara pamọ́ sí, ojú ìkà kò ní tó o níbẹ̀, ohùn tí kì í ṣe ohùn mi kò sì ní pè é jáde. Mi ò jẹ́ kó dìde.

Ó gbé ojú sókè wò mí láàárín ọwọ́ mi. "Mọ́mì, ṣé ti odò lẹ ń wí ni, àbí ti Kánádà?"

"Ṣe àmín."

Ó ṣe àmín. Ó pẹ́ kí n tó gbé ọwọ́ mi kúrò lórí rẹ̀.